Níbo ni mọ́tò oníná máa ti gba ṣáàjì l'Ékòó? Lẹ́tà yín rèé, ìdáhùn mi rèé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ojú ìwé yìí. Lóṣù tó kọjá, mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná díẹ̀, mo ní kò sí bí ò ṣe ní pọ̀ sí i nígboro wa, torí látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 lọ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń wá ibi tí wọ́n máa gbà. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi fèsì pọ̀ gan-an, ìbéèrè kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀: ibo la ó ti máa ṣáàjì ẹ̀, ta ló yẹ kó ṣètò ẹ̀? Mo mú mélòó kan níbẹ̀. Èyí tó bá gba àlàyé, màá fara balẹ̀ ṣe é, èyí tí ò bá gbà, màá tètè kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Yàrá méjì la háyà ní Ògbà, ojú títì la máa ń páàkì mọ́tò sí lálẹ́. Mo fẹ́ ra Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan torí owó epo ti fẹ́ pa mí, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù sọ pé òun ò fẹ́ rí wáyà kankan tó gba ojú wíńdò jáde. Ṣé kò yẹ kí ìjọba kúkú gbé àwọn ṣájà tó ń yára yẹn sí gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù ni, kéèyàn kàn máa yà síbẹ̀ bá a ṣe ń yà sílé epo? (Tẹ́náǹtì kan, Ògbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti bọ́sítọ́ọ̀pù yẹn, torí ibẹ̀ lọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ, títí kan àwọn tó ń ṣètò ìlú. Ó ti mọ́ wa lára pé àwa la máa ń lọ bá epo nílé epo, àmọ́ ti iná yàtọ̀, iná ló yẹ kó wá bá mọ́tò níbi tó bá dúró sí. Mọ́tò aládàáni, ká tiẹ̀ ka go-slow Èkó mọ́ ọn, wákàtí mélòó ló fi ń rìn lóòjọ́? Ìyókù, ó kàn wà níbì kan ni, nílé, níwájú ọ́fíìsì, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò ṣáàjì fún ìlú kọ́kọ́ lọ wádìí ni ibi táwọn mọ́tò ń sùn sí àti ibi tí wọ́n ń dúró sí lọ́sàn-án, kó wá lọ wo èwo ló níná dáadáa nínú gbogbo ibẹ̀. Ní Norway, níbi tí nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní 2024 ti jẹ́ oníná, ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń gba ṣáàjì lóru, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bá a ṣe ń fi fóònù sí ṣáàjì ká tó sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ mú Leaf tí bátìrì ẹ̀ ń gba yúníìtì 40, yúníìtì kan náà tẹ́ ẹ ń rà sórí mítà yín ni o. Ká ní ẹ̀ ń rin kìlómítà 50 lóòjọ́, bíi kẹ́ ẹ ti Ògbà lọ sí Marina kẹ́ ẹ sì padà, bíi yúníìtì mẹ́jọ lẹ máa lò, ẹ fi ọ̀kan sí i fún èyí tó máa ń ṣòfò nígbà tó bá wà lórí ṣáàjì, mẹ́sàn-án nìyẹn. Ní iye tí wọ́n ń ta yúníìtì ní July 2024 fáwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó rí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, bíi ₦209, kò tó ₦2,000. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lásán tó ń fúnni ní kílówọ́ọ̀tì méjì lé díẹ̀, wákàtí mẹ́rin ló máa fi dá gbogbo ẹ̀ padà fún yín. Wákàtí mẹ́rin péré, ẹ sì máa sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣájà ayára ṣe lójoojúmọ́?

Ẹ wá wo ti tiransifọ́mà. Èyí tó pọ̀ jù ládùúgbò wa ni 300KVA àti 500KVA. 500KVA yẹn, bíi kílówọ́ọ̀tì 400 ni gbogbo ohun tó lè gbé, àwọn fíríìjì, AC, páńpù omi, ẹ̀rọ ìlọta, wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì ń jẹ nínú ẹ̀. Ṣájà ayára kan ṣoṣo tó jẹ́ kílówọ́ọ̀tì 150 ti gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lọ. Ẹ gbé mẹ́ta síbẹ̀, kí mọ́tò mẹ́ta fi wáyà sí i lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ilé tan iná, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, tiransifọ́mà á gbiná, àdúgbò á wà lókùnkùn fún oṣù méjì, wọ́n á tún máa gba ilé dé ilé kí wọ́n dáwó. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré 20 tó jẹ́ kílówọ́ọ̀tì mẹ́ta ààbọ̀, 70 péré ni gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mọ́tò 20 ń jẹun ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń ká mi lára tí mo bá ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ṣájà ńlá kan ṣoṣo ṣe ayẹyẹ. Owó tí wọ́n ná sórí ọ̀kan yẹn á ra ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké fáwọn èèyàn bíi tiyín tí ò ní ọgbà tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí.

Ohun tí mo rò pé ìjọba lè ṣe fún Ògbà àtàwọn àdúgbò tó jọ ọ́ rèé. Ní Amsterdam, ẹni tó bá ra mọ́tò oníná, tí ò sì ní ibi páàkì tiẹ̀, á kọ̀wé sí ìlú, wọ́n á wá gbé òpó ṣáàjì sítòsí ilé ẹ̀ létí títì, gbogbo èèyàn ló sì máa lò ó. Ìyẹn ni pé ibi tí mọ́tò ti dé ni òpó ń tẹ̀ lé. Àwa náà lè ṣe é, àmọ́ ojú títì tiwa tóóró, àwọn ọlọ́jà wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀, nítorí náà kò ní bọ́gbọ́n mu ká bẹ̀rẹ̀ létí títì. Ibi tí mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ni àwọn páàkì tó ní mégáàdì tó sì máa ń ṣófo lóru, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, iléèwé ìjọba, ọgbà káńsù. Kí wọ́n bá wọn sọ ọ́, kí wọ́n gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá mẹ́wàá síbẹ̀ pẹ̀lú mítà, kí ẹni tó bá wá sanwó yúníìtì tó lò àti owó díẹ̀ fún ibi tó páàkì sí. Ti ọ̀sán, ẹ gbé irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sí Alausa náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á gbé mọ́tò kalẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà wá gbé e. Ti iná ńkọ́? Ikeja Electric àti Eko mọ fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí tiransifọ́mà àdúgbò, tó wà ní Band A. Ẹ gbé máàpù páàkì lé máàpù fídà lórí, ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni kó gbé máàpù yẹn jáde, torí òfin iná mànàmáná tọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná fúnra wọn, Èkó sì ti ṣòfin tiẹ̀ ní 2024.

Ní ti lánlọ́ọ̀dù yín, ẹ má bínú sí i, òótọ́ ló sọ nípa wáyà ojú wíńdò. Ẹ̀rù extension ń ba èmi náà. Mọ́tò kì í ṣe fáànù, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ ló máa fi fa iná láìsinmi, wáyà tín-ín-rín á gbóná, á yọ́, ó sì lè jóná mọ́ ilé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pé ẹ máa sanwó fún oníná tó mọṣẹ́ dáadáa, kó fa wáyà tó nípọn láti bọ́ọ̀dù wá sí ẹ̀gbẹ́ géètì, pẹ̀lú bùrékà tiẹ̀ lọ́tọ̀ àti earth tó wọlẹ̀ dáadáa, kó fi mítà kékeré sí i kí àwọn tẹ́náǹtì tó kù má bàa máa ní iná àwọn lẹ̀ ń lò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa gbà tó bá rí i pé ó wà nílẹ̀ fún tẹ́náǹtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀kan tó kù, ẹ wo ẹnu ṣáàjì mọ́tò yẹn, ìyẹn ihò tí kéébù ń wọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó. Leaf tó ti Amẹ́ríkà wá ní ẹnu tó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù fún ṣáàjì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹnu ayára ẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO, àwọn mọ́tò Yúróòpù tó kù ń lo CCS2, àwọn tó ń wọlé tààràtà láti Ṣáínà sì ń lo GB/T. Gbogbo ẹ̀ ló wà lójú pópó wa papọ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbé ṣájà ẹlẹ́nu kan kalẹ̀ l'Ékòó ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o. Maruwa ni mò ń wà, Agége sí Ìyànà Ìpájà. Mo rí i pé mọ́tò ńlá lẹ máa ń sọ. Tí mo bá fi kẹ̀kẹ́ sórí ṣáàjì fún wákàtí mẹ́ta, kí ni mo fẹ́ kó fún ọ̀gá tó ni kẹ̀kẹ́ lálẹ́? (Onímaruwa, Agége)

ÌDÁHÙN: Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yín ló wù mí jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, tó bá sì jẹ́ pé èmi ni mò ń pín owó, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa kọ́kọ́ ná an sí. Ẹni tó ń gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, òun nìkan ló ń gbé, ẹ̀yin ń gbé èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, epo tẹ́ ẹ sì ń jó láàárín oṣù kan á ya ẹni tó ní jíìpù lẹ́nu.

Ẹ ò ní láti dúró wákàtí mẹ́ta. Ẹ bi àwọn ará wa ní Kútọnu àti Lómé. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Spiro báyìí, M Auto lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, ti ń gbé ọ̀kadà oníná fáwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé bátìrì ò sí lára ohun tí ọlọ́kadà ni. Tí iná ẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, á yà sí ibi ìpààrọ̀, wọ́n á yọ bátìrì tó ti tán, wọ́n á tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó ní ojú ihò ihò, wọ́n á fa èyí tó kún yọ, wọ́n á tì í bọ ara ọ̀kadà, á sanwó, ó di títì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, ẹni tó ń ra epo lórí ìlà lè má tíì kan páńpù.

Fún ìlú bíi Èkó, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìdí kan pàtàkì: bátìrì inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lè gba ṣáàjì nígbà tí iná bá wà, kó sì máa dúró de yín nígbà tí NEPA bá mú un. Kẹ̀kẹ́ yín ò ní bá àìsí iná dúró. Ó tún jẹ́ pé ẹni tó ń bójú tó kọ́bọ́ọ̀dù lè pín ṣáàjì sí òru tí ilé iṣẹ́ ti tì, kí tiransifọ́mà má bàa rù ju agbára ẹ̀ lọ. Ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí ò le mọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa júwe ẹ̀ ju ẹnjiníà kankan lọ: gáréèjì Agége, Ìyànà Ìpájà, Òṣòdì, Berger, Ìkòròdú, àwọn ibi tẹ́ ẹ ti ń tò fún èrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ibi tẹ́ ẹ máa fi kìlómítà márùn-ún wá a láì gbé èrò. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé tí ìjọba bá fẹ́ ṣèpàdé lórí ṣáàjì, àwọn onímaruwa àtàwọn alága gáréèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó látọjọ́ kìn-ín-ní.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni àdéhùn. Bátìrì ilé iṣẹ́ kan kì í wọ kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn, ọwọ́ wọn lowó ìpààrọ̀ wà, tí wọ́n bá sì sún un sókè, ibo lẹ fẹ́ gbà? Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ìjọba lè ràn yín lọ́wọ́ nípa fífi dandan lé e pé ẹni tó bá fẹ́ lo ilẹ̀ gáréèjì ìjọba gbọ́dọ̀ lo bátìrì tó bá ti ẹlòmíì mu.

Bọ́ọ̀sì náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, àfi pé òun kì í sábà pààrọ̀ bátìrì, ọgbà tó ń sùn sí ló ti ń gba ṣáàjì. Shenzhen ní Ṣáínà sọ gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú wọn di oníná kí 2017 tó parí, wọ́n ju 16,000 lọ. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 2023 nígbà tí LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, àti Oando gbé àwọn bọ́ọ̀sì oníná àkọ́kọ́ wá láti fi dán an wò. Mo fẹ́ kí èyí tí wọ́n ń gbé bọ̀ pọ̀ dáadáa ju ìyẹn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, Peckham ni mò ń gbé, òpó iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo ti ń ṣáàjì mọ́tò mi. Mo kàn fi kéébù sí i lálẹ́ ni, mo wọlé lọ sùn. Ìyá mi wà ní Súrùlérè, òpó iná pọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀ náà. Kí ló dé tí wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? (Ọmọ Súrùlérè, London)

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ bá mi kí mọ́mì. Ọgbọ́n tó wà nídìí òpó Peckham yẹn dáa gan-an. Wáyà tó lọ sábẹ́ àwọn òpó yẹn wà nílẹ̀ látijọ́, nígbà tí gílóòbù tó ń jẹ iná púpọ̀ wà lórí wọn. Nígbà tí wọ́n yí gílóòbù padà sí LED, iná tí òpó ń jẹ dín kù, ààyè ṣẹ́ kù nínú wáyà, ààyè yẹn ni wọ́n fún mọ́tò, bíi kílówọ́ọ̀tì márùn-ún. Wọn ò gbẹ́lẹ̀, wọn ò fa wáyà tuntun, ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀ fi mọ níwọ̀n. Ní Súrùlérè, ẹ wo òpó tẹ́ ẹ ń sọ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá wálé, ẹ máa rí páńẹ́lì sóólà kékeré lórí ọ̀pọ̀ wọn, bátìrì tó wà nínú ẹ̀ ò lè gbé mọ́tò kúrò lójú kan. Àwọn mìíràn sì ń dúró de iná tí kì í dé lásìkò. Nítorí náà òpó yẹn gan-an ò ṣeé kó wá. Ohun tó ṣeé kó wá ni ìrònú tó wà lẹ́yìn ẹ̀: kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ààyè iná ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra wáyà tuntun.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ ká gbà lọ́wọ́ yín ni òfin. Lọ́dún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé àwọn ṣájà ìta gbọ́dọ̀ kọ iye owó yúníìtì kan síta kedere, kí àwọn ayára máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú 100 àkókò, kí ṣájà tuntun tó bá ti tó kílówọ́ọ̀tì mẹ́jọ máa gba káàdì báńkì lásán láìjẹ́ pé èèyàn ń kó áàpù mẹ́wàá sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju bó ṣe ṣe pàtàkì fún yín lọ. Ṣájà tó wà nílẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ burú ju èyí tí kò sí lọ, torí ẹni tó gbọ́kàn lé e ti rìn débẹ̀, bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ tán, kò sì ní ríbi lọ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ ìjọba l'Ékòó láti fi ta ṣáàjì, ẹ jẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa tún un ṣe láàárín ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kó sì máa sanwó ìtanràn bí kò bá ṣe é.

Ohun kan wà lọ́dọ̀ yín tí mi ò fẹ́ ká gbà. Ẹni tó ní ọgbà, tó ń ṣáàjì nílé, VAT ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń san lórí iná, ẹni tí ò ní ọgbà tó ń ṣáàjì níta bíi tiyín ń san 20. Ẹni tówó ẹ̀ kéré ló wá ń san jù. Tí a ò bá ṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí l'Ékòó, ẹni tó wà ní ẹ̀sìtéètì tó ní sóólà á máa ṣáàjì lówó pọ́ọ́kú, ẹni tó háyà yàrá ní Mushin á wá máa san owó ayára. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo sọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ṣáá. Ẹ sì bá mi wo gíga òpó yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọjá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà kan láti 2022, PAS 1899, tó sọ bí ó ṣe yẹ kí ṣájà rí kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera náà lè dé ibi tí wọ́n ń fi kéébù sí. Tiwa ò tíì pọ̀, ìsinsìnyí ló rọrùn láti ṣe é dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ilé epo ni mo ní lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n bá ń wọ Ìbàdàn láti Èkó. Ọmọ mi ní kí n gbé ṣájà mọ́tò síbẹ̀. Ṣé owó wà níbẹ̀ àbí ó kàn fẹ́ kí n náwó dànù? Jẹnẹrétọ̀ ńlá wà nílẹ̀ o. (Alhaji kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ọmọ yín ò purọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ sókè nípa ayára, ìlú ló wà fún, ọ̀nà márosẹ̀ ní tiẹ̀ nílò ayára lóòótọ́. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ bíi kìlómítà 127. Leaf tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ògbà fẹ́ rà yẹn, tó bá sáré dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti jẹ ju ìdajì bátìrì ẹ̀ lọ, kò lè padà sí Èkó láì gba ṣáàjì. Ẹni náà ò sì fẹ́ sùn sílé epo, ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan ló fẹ́ lò. Kílówọ́ọ̀tì 50 tàbí 60 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́nu méjì, CCS2 àti GB/T, kẹ́ ẹ fi ẹnu CHAdeMO kún un tówó bá gbà, pẹ̀lú méjì nínú àwọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fáwọn tó bá wá kí ẹbí ní tòsí.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lítà dísù kan ò lè fún yín ju bíi yúníìtì mẹ́ta lọ. Ẹ mú owó tẹ́ ẹ ra lítà dísù láàárọ̀ yìí, ẹ pín in sí mẹ́ta, ìyẹn ni iye tí yúníìtì kan á ná yín kẹ́ ẹ tó fi èrè, owó ẹ̀rọ àti ti òṣìṣẹ́ lé e, ẹ sì máa rí i pé ẹni tó mọ ₦209 lórí mítà ò ní ra ọjà yín. Ẹ lọ bá IBEDC, ilé iṣẹ́ iná Ìbàdàn, ẹ bèèrè fídà tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ àti Band tó wà, ẹ ní ẹ fẹ́ tiransifọ́mà tiyín lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé fídà náà lè gbé e. Tí wọ́n bá ní kò lè gbé e, ẹ ra bátìrì ńlá kan tó máa mu iná díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kó máa tú u fún mọ́tò nígbà tó bá dé. Orí kánópì yín ń jẹ oòrùn lásán, ẹ fi páńẹ́lì bò ó.

Èrè tó wà nínú iná fúnra ẹ̀ ò ní pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò ní tàn yín. Èèyàn tó máa jókòó ìṣẹ́jú 40 lẹ ń rà. Ẹ jẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ibòji wà, kí àmàlà gbígbóná wà níbẹ̀, kí iná mọ́lẹ̀ yòò lálẹ́ kí obìnrin tó dá wa mọ́tò má bẹ̀rù àtidúró. Ẹ má sì gbé ṣájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páńpù epo rárá, ìpẹ̀kun ọgbà ló yẹ kó wà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé sóólà nìkan ò lè ṣe é? Mo rí i ní UNILAG. (Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá)

ÌDÁHÙN: Ó lè ṣe é níwọ̀n. Èyí tẹ́ ẹ rí yẹn wà lára mẹ́ta tí NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò mọ́tò ṣíṣe, kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó wà ní Sókótó àti Nsukka náà. Páńẹ́lì kan tó jẹ́ 550 wọ́ọ̀tì á fún yín ní bíi yúníìtì méjì lóòjọ́ l'Ékòó, tí ojú ọ̀run máa ń ṣú ju ti Sókótó lọ. Mọ́tò kan tó ń jẹ mẹ́sàn-án lóòjọ́ nílò bíi márùn-ún, mọ́tò mẹ́wàá á gba 50. Ọgbà fásitì láyè tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò olùkọ́ sì máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn, ìdí nìyẹn tó fi bá ibẹ̀ mu. Àárín Ìdúmọ̀tà ò láyè ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Lekki la wà, omi máa ń kún ojú ọ̀nà wa. Ṣé iná ò ní gbé èèyàn? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Lekki)

ÌDÁHÙN: Mà, ṣájà tó dáa kì í jẹ́ kí iná wọ kéébù àfi tó bá ti mọ̀ pé ó ti wọ ẹnu mọ́tò dáadáa, tí nǹkan bá sì ń jò díẹ̀, á pa ara ẹ̀. Òjò lásán ò ṣe é ní nǹkan kan. Àgbàrá tó bo ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ ló léwu. Kí wọ́n mọ kọnkéré gíga sábẹ́ ẹ̀, kí gbogbo ohun tó ń gbé iná wà lókè ibi tí omi ti dé rí, ẹ̀yin ará àdúgbò lẹ mọ ibẹ̀, àmì ẹ̀ wà lára ògiri yín. Tí omi bá ti dé ìdí ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

ÌBÉÈRÈ: Wọn ò ní jí kéébù ẹ̀ gé báyìí? Kọ́pà mà ni! (Olùkàwé, Mushin)

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń gé e lókè òkun pàápàá, ẹ̀rù yín tọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí èyí tó bá wà níta gbangba jẹ́ irú ti Yúróòpù, tó jẹ́ pé ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lára òpó, kò sí kéébù kankan tó rọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé kéébù tiẹ̀ sínú búùtù, tó bá ti fi í sí i, òpó á tì í pa lápá kan, mọ́tò á tì í pa lápá kejì, kò ní ṣeé fà yọ títí ẹni tó ni mọ́tò á fi ṣí i. Ayára ní tiẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kéébù ẹ̀ wúwo, ara ẹ̀ ló máa ń wà, nítorí náà ibi tó bá ní mégáàdì àti kámẹ́rà nìkan ni kí wọ́n gbé e sí.